Gáàsì Ni Jàre: Ibi Tí Wákàtí Ń Gbà Lọ Tí Heart Attack Bá Mú Èèyàn

Nínú fíìmù wa, tí heart attack bá máa mú bàbá kan, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ti mú létà burúkú kan wá, tàbí ìyàwó á jẹ́wọ́ pé bàbá kọ́ ló lọmọ, bàbá á di àyà mú, ojú á yí, ó di gbì nílẹ̀, orin á gba ojú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi náà ń wo fíìmù o, mi ò bá wọn jà, àmọ́ àwòrán yẹn ti kó bá wa, torí ẹni tí heart attack mú lóòótọ́, tí kò ṣubú, tí ojú ẹ̀ ò yí, tó ṣì lè dìde lọ bu omi mu, á wo ara ẹ̀ á ní ṣebí èyí kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, á jókòó, á máa dúró de ìgbà tó máa lọ.

Nǹkan méjì la máa ń kó pọ̀. Ọ̀kan ni kí ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì, kó má lù mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ọpọlọ mọ́, èèyàn á dákú lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní cardiac arrest, òun ló jọ ti fíìmù yẹn. Heart attack ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri gbogbo ara yìí, ó ní iṣan tiẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ òun náà. Ọ̀rá á ti máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, lọ́jọ́ kan ojú ọ̀rá yẹn á sán, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, iṣan á dí. Ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́, ibi yòókù ṣì ń lù kìkì. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa sọ̀rọ̀, kó máa gbé fóònù, kó tiẹ̀ wa mọ́tò dé ibi iṣẹ́, nígbà tí apá kan ọkàn ẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ń kú yẹn lè da ìlù ọkàn rú nígbàkígbà, kó di cardiac arrest, ìyẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó dé ọsibítù rárá, wọ́n á wá sọ pé a jọ sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́jọ kò sí nǹkan tó ṣe é.

Aago ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ rárá, láàárín nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú ẹran ọkàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó bá sì kú nínú ẹ̀ kì í hù padà, àpá ló máa dì. Tó bá fi máa tó wákàtí mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti lọ. Ní 1986 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Ítálì, GISSI ni wọ́n ń pè é, àwọn aláìsàn tó lé ní 11,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n fún apá kan nínú wọn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, streptokinase. Àwọn tó gba oògùn yẹn láàárín wákàtí kan tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ikú tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì ti àwọn tí wọn ò fún. Àwọn tó dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, oògùn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Oògùn kan náà o, ọsibítù kan náà, aago ló yàtọ̀. Lóde òní wọ́n tún lè ti wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan lọ ṣí ibi tó dí, ìyẹn náà, kí wákàtí 12 tó kọjá ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn ti dé, wọn ò sì fẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibo wá ni wákàtí ń gbà lọ? Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀ máa ń pín in sí mẹ́ta: láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ títí dìgbà tí èèyàn pinnu pé òun ń lọ, láti ìgbà tó pinnu títí dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, àti láti ẹnu ọ̀nà títí dìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń gbé Èkó á ti sọ pé go-slow ni, àbí kí ló tún lè jẹ́. Go-slow wà níbẹ̀ lóòótọ́, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú tí ámbúláńsì ti ń yára dé ẹnu ọ̀nà èèyàn pàápàá, apá àkọ́kọ́ ló máa ń gùn jù, apá tí èèyàn ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé torí pé a ò kàwé ni, tàbí torí pé a ò lówó nìkan. Ní September 1955, Dwight Eisenhower, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, wà fún ìsinmi ní Denver. Ó gbá gọ́ọ̀fù, ó jẹ hamburger tí wọ́n kó àlùbọ́sà sí, nígbà tó yá ó ní inú ń yọ òun lẹ́nu, ó gbà pé àlùbọ́sà yẹn ni. Ó lọ sùn sí ilé ìyá ìyàwó ẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, àyà jí i. Mamie, ìyàwó ẹ̀, fún un ní milk of magnesia, oògùn inú olómi funfun yẹn tí ẹ lè rà ní kẹ́mìsì ìsàlẹ̀ ilé yín. Ó pe dókítà ẹ̀, Howard Snyder, ìyẹn dé lóru náà, ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n gbé fún àwọn oníròyìn ni pé inú ló ń da ààrẹ láàmú. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ECG wá sílé yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń lẹ wáyà ẹ̀ mọ́ àyà, ẹ̀rọ sì ní heart attack ni. Wọ́n mú un lọ sídìí mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, wọ́n gbé e lọ sí Fitzsimons, ọsibítù àwọn ológun. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́wàá. Títí dòní àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá dókítà yẹn ò mọ̀ ọ́n ni tàbí ó mọ̀ ọ́n ó fi pamọ́. Orí bá ààrẹ ṣe é, kò kú, ó tún wọlé ìbò ní 1956. Ẹni tó ní dókítà tiẹ̀, tó ní ológun, tó ní bàálù, òru kan gbáko ló fi wà nílé pẹ̀lú oògùn inú.

Ẹ wá gbé e wá sílé tiwa. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ilé tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bàbá Ṣọlá jẹ ẹ̀bà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní mẹ́wàá ààbọ̀ àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, bí ìgbà tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e. Ó ní, "Ìyá Ṣọlá, ẹ̀bà yẹn ò dà o." Ìyàwó bá a wá táblẹ́ẹ̀tì inú tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu bíi ṣuwíìtì, ó tún mu mínírà kó lè gùfẹ̀. Ó gùfẹ̀. Ó sì fúyẹ́ díẹ̀! Ẹ̀rí dé, gáàsì ni. Ní mọ́kànlá ààbọ̀ ó padà, òógùn sì bò ó, àmọ́ Nẹ́pà ti mú iná lọ láti aago mẹ́wàá, ta ni ò ní làágùn? Apá òsì ń ro ó, ṣebí òun ló gbé bátìrì invatà lánàá. Nígbà tó di aago kan òru, Ìyá Ṣọlá ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ jẹ́ kí n pe Bùọ̀dá Kúnlé kí wọ́n wá fi mọ́tò wọn gbé wa." Ó ní, "Lóru yìí? Kí n wá sọ fún wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, pé ẹ̀bà ò dà? Wọ́n ti ti géètì, ilẹ̀ á mọ́ jàre." Ní aago mẹ́rin ó bì, ó ní ara ti fúyẹ́, ó sùn díẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, wọ́n yẹ BP wò, wọ́n ní ó ga, wọ́n fún un lóògùn BP, wọ́n ní kó jókòó ná, kí wọ́n tó wá sọ pé ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ó dé ọsibítù ńlá ní aago mọ́kànlá. Ẹ kà á láti mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ ni pé Bàbá Ṣọlá kì í ṣe òmùgọ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló mọ́gbọ́n dání. Àyà fún, ẹ̀bà wà nílẹ̀ tó lè dá lẹ́bi. Òógùn bò ó, Nẹ́pà wà níbẹ̀. Apá ń ro, bátìrì wà níbẹ̀. Kò sí àmì kan tó wá tí kò bá àlàyé nílé, àlàyé ọ̀hún sì jẹ́ èyí tó rọrùn gbà ju pé ọkàn mi ló ń kú. Gbogbo àmì yẹn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó kó wọn jọ wò. Heart attack tó ń wá díẹ̀díẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, òun làwọn èèyàn máa ń fi falẹ̀ jù, àwọn tó ń ṣèwádìí ti rí i léraléra. Èyí tó bá gbá èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ń yára dé ọsibítù, torí kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn.

Kí ló dé tó fi jọ gáàsì gan-an? Ìsàlẹ̀ ọkàn jókòó lé ibi tó pín àyà níyà sí ikùn, inú sì wà lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jọ ń gbé ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nẹ́fù tó ń gbé ìrora ọkàn lọ sí ọpọlọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ láti apá, láti àyà, láti òkè ikùn. Ọpọlọ á gbọ́ pé nǹkan ń dun èèyàn, kò ní mọ ibi tó ti wá gan-an, ó lè gbé e lé apá òsì, ó lè gbé e lé ẹ̀yìn, ó lè gbé e lé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kí èèyàn rò pé eyín ni. Ìrora ọkàn kì í sábà rí bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún èèyàn, ọ̀pọ̀ kì í tiẹ̀ pè é ní ìrora, wọ́n á ní àyà wọn wúwo, ó ń fún wọn, ó ń jó wọn. Tí dókítà bá wá bi wọ́n pé ṣé àyà ń dùn yín, wọ́n á ní rárá, kò dùn mí, ó kàn wúwo ni. Torí náà pé èèyàn gùfẹ̀ tó wá fúyẹ́, ìyẹn ò fi hàn pé kì í ṣe ọkàn. Oògùn inú tó dín in kù náà ò fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti Alábùkún níbí, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Jacob Odulate ló ṣe é ní Abẹ́òkúta, ní 1918, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé aspirin ló pọ̀ nínú ẹ̀, pẹ̀lú kaféènì. Aspirin yìí kan náà ni dókítà máa kọ́kọ́ fún ẹni tí heart attack mú. Ní 1988, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ISIS-2, àwọn aláìsàn tó lé ní 17,000 ló wà níbẹ̀, fi hàn pé aspirin ráńpẹ́, 160 miligíráàmù lójúmọ́ fún oṣù kan, dín ikú kù ní nǹkan bíi 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé mo ń sọ pé kẹ́ ẹ máa da Alábùkún lu heart attack ni? Rárá o. Ẹni tó lò ó tán tó padà lọ sùn ò tíì ṣe nǹkan kan, iṣan ẹ̀ ṣì dí síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọ́sà, ìyẹn egbò inú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló wà ní inú ẹ̀ ní tòótọ́, ó lè pa á lára. Tí ẹ bá ti lò ó kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù, ẹ sọ fún dókítà.

Ti àwọn obìnrin àtàwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tún wá le ju èyí lọ. Ní Amẹ́ríkà wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 430,000 tó ní heart attack, wọ́n gbé e jáde ní 2000: ẹnì kan nínú mẹ́ta ni àyà ò dùn rárá nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Àwọn wọ̀nyí gbà tó wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó dé, àwọn tí àyà dùn gbà tó márùn-ún lé díẹ̀, ikú tó sì wà láàárín àwọn tí àyà ò dùn ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó pọ̀ láàárín wọn ni àgbàlagbà, obìnrin, àtàwọn tó ní ṣúgà, torí ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń ba nẹ́fù jẹ́, ẹni náà á ní heart attack kò ní mọ̀, á kàn rí i pé èémí òun ń tán, ó ń rẹ òun. Ní 2003 wọ́n tún bi àwọn obìnrin 515 tí wọ́n ti là á kọjá léèrè, 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kò sí àyà dídùn kankan níbẹ̀, ó sì lé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tó ní ó ti ń rẹ àwọn lódìlódì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ìyá tó ń ta ọjà láti aago mẹ́fà àárọ̀, tó ń dáná alẹ́, tó ń fọṣọ ọmọ ọmọ, tó bá ní ó ń rẹ òun, ta ló máa gbọ́? Òun fúnra ẹ̀ ò ní gbọ́. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní kó lọ sinmi, wọ́n á tún bá a ra oògùn ibà.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n fura. Ó ti wá sí wọn lọ́kàn pé ó lè jẹ́ ọkàn o, ohun tó kù ni kí wọ́n sọ ọ́ jáde, wọn ò sì ní sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn. Ẹ dán an wò, ẹ sọ níwájú ìyá yín pé "ó dà bí ẹni pé heart attack ni", ẹ̀ẹ́ gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe ìpín wa!" kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Mi ò fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń ṣe àmín. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé lẹ́yìn àmín yẹn ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó tún lè dárúkọ ẹ̀ mọ́, wọ́n á padà sórí gáàsì. Tó bá wá jẹ́ pé ó jẹun lójú oorun láàárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí òun àti ẹnì kan ń jà sí ilẹ̀, ọ̀nà ilé pásítọ̀ tàbí ilé àfáà ló máa yá. Pásítọ̀ tó gbọ́n wà, àfáà tó gbọ́n wà, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kì í ṣe gbogbo wọn.

Ti ẹni tí èèyàn kọ́kọ́ sọ fún náà ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn ará ibi iṣẹ́ tàbí ẹni tí kò bá a tan máa ń tètè dé ọsibítù ju ẹni tó wà nílé láàárín ẹbí lọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àmọ́ ẹ rò ó wò. Ará ibi iṣẹ́ á bẹ̀rù kí ó má kú mọ́ òun lọ́wọ́, á pe mọ́tò. Ìyàwó ilé ní láti bẹ̀bẹ̀, torí bàbá ti ní kò sí nǹkan kan, ta ló máa jiyàn pẹ̀lú bàbá? Wọ́n á wá pe ọmọ. Ọmọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester, WhatsApp ẹ̀ ń dún, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ kò gbé e, wọ́n á dúró dè é. Ìgbà tó bá pè padà á ní "Dádì, ẹ dìde, ẹ máa lọ báyìí", ohun tí ìyá ti sọ láti aago kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ ní ìlú òyìnbó lágbára jù. Kí aṣọ tó bá Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà.

WhatsApp yìí kan náà ló tún ń gbé ọ̀kan káàkiri pé tí heart attack bá mú ọ nígbà tí o dá wà, kí o máa wúkọ́ líle títí wọ́n á fi dé. Irọ́ ni, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́, ikọ́ ò lè ṣí iṣan tó dí.

Ó kù owó àti ọ̀nà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìsàn nìkan ni mò ń bá wí. Ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ìtọ́jú tó ń jáde láti àpò èèyàn fúnra ẹ̀. Tí èèyàn bá mọ̀ pé wọ́n máa bi òun ní dípósíìtì ní ẹnu ọ̀nà, tó tún jẹ́ pé ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ẹni náà ò ní fi ìmọ̀lára àyà fífún lásán lọ, á fẹ́ kí ó dá òun lójú kí òun tó ná owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Àìdánilójú yẹn ló ń jẹ wákàtí. Lóru wá ńkọ́? Géètì àdúgbò, ẹ̀rù àwọn jàǹdùkú lójú ọ̀nà, mọ́tò tí kò sí epo nínú ẹ̀. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé lè má ní ECG. Èyí tó ní in lè má ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Yàrá tí wọ́n ti ń ti wáyà wọ ọkàn ò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ìlú ńlá bíi Èkó àti Àbújá ni èyí tó pọ̀ nínú wọn wà. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni wọ́n ń pè fún ámbúláńsì ìjọba, ẹ fi í sórí fóònù bàbá àti ìyá yín lónìí kó tó di pé ẹ ń wá a.

Tẹ́ẹ̀ bá rò pé ẹni tó ti ní in rí á tètè lọ, rárá. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti rí i pé wọn kì í yára ju ẹni tí kò ní in rí lọ. Kò sì dandan kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jọ ti àkọ́kọ́, ẹni náà á ní "èyí ò rí bí ti ìjọ́sí", á dúró. Àwọn kan ṣì gbà pé àrùn òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tó ti wá, torí nígbà kan ó ṣọ̀wọ́n ní ọsibítù wa lóòótọ́, àwọn dókítà bíi Falase àti Osuntokun kọ nípa ẹ̀ láti Ìbàdàn ní 1973 nígbà tí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí i. Ọdún 1973 ti lọ. Ní 2004, ìwádìí INTERHEART wo orílẹ̀-èdè 52, Áfíríkà wà níbẹ̀, ohun kan náà ló ń fa heart attack níbi gbogbo: sìgá, BP, ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A ti kó gbogbo ẹ̀ jọ báyìí.

Ẹnì kan á ní ṣé kì í ṣe pé kí ìjọba ṣáà máa polongo ẹ̀ lórí rédíò. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, REACT lorúkọ ẹ̀, èsì ẹ̀ jáde ní 2000. Ìlú 20 ni, wọ́n polongo nínú mẹ́wàá fún oṣù 18, wọ́n fi mẹ́wàá yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì àwọn aláìsàn ló ń lò ju wákàtí méjì lé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn gbogbo ariwo, àwọn èèyàn pe 911, nọ́ńbà ámbúláńsì tiwọn, sí i lóòótọ́, àmọ́ àkókò tí wọ́n fi ń falẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú tí wọn ò polongo fún. Wọ́n mọ àmì ẹ̀ lẹ́nu, tó bá wá dé ara wọn lóru, wọ́n tún ń bá ara wọn jiyàn bóyá òun ni.

Lójú tèmi, àríyànjiyàn yẹn ni kẹ́ ẹ yọ kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó mọ gáàsì yàtọ̀ sí heart attack, dókítà fúnra ẹ̀ ò lè mọ̀ ọ́n láìlo ẹ̀rọ. Torí náà ìbéèrè pé "ṣé òun ni?" kì í ṣe ìbéèrè ilé, ìbéèrè ọsibítù ni. Ti ilé ni: ṣé àyà ti ń fún mi tàbí ó ń wúwo fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò lọ? Ṣé òógùn tútù wà níbẹ̀, èémí ń tán, ó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, èébì ń gbé mi, ó rẹ̀ mí lọ́nà tí kò rẹ̀ mí rí? Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ. Ìtìjú pé wọ́n á ní gáàsì lásán ni wọ́n gbé wá lóru, ẹ fi sílẹ̀ nílé, àwọn dókítà ń rí i lójoojúmọ́, inú wọn á dùn láti lé yín padà sílé.

Kẹ́ ẹ tó jáde, tí aspirin bá wà nílé, kí ẹni náà rún 300 miligíráàmù lẹ́nu kó gbé e mì, àfi tó bá jẹ́ pé aspirin máa ń bá a jà, tàbí ó ní ọ́sà tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí apá kan ara ẹ̀ rọ tàbí ẹnu ẹ̀ wọ́, torí ìyẹn lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Kó má wa mọ́tò fúnra ẹ̀, torí ó lè dákú lórí sítíárín. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀nà méjì, ọsibítù tó ní ECG ni kẹ́ ẹ gbà, ì báà jìnnà díẹ̀ ju èyí tí wọ́n á ti kàn wọn BP lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀bà, ẹ sọ pé àyà ló ń fún un, ẹ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe ECG fún un. Tí ECG àkọ́kọ́ bá dára, ìyẹn ò tíì parí ẹ̀, ó lè má tíì hàn, wọ́n máa ń tún un ṣe, wọ́n sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ fún troponin, ìyẹn ohun tí ẹran ọkàn tó ń kú máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, òun náà lè gba wákàtí mélòó kan kó tó hàn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ dúró.